Wọ́n fẹ́ fi kánópì dí títì wa fún òkú àgbà ní àsìkò kòrónà yìí: kí ni kí àdúgbò ṣe?

Akọ̀wé Àdúgbò (Agége)
Ọjọ́rú, 20 oṣù kìíní 2021, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa. Mo gbé ọ̀rọ̀ kan wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i, nítorí ó ti ń lé oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́ta.

Màmá àgbà kan kú ní títì wa ní ìparí ọdún tó kọjá, ẹni ọdún 89. Kòrónà kọ́ ló pa wọ́n, ogbó ni. Kò sí ọmọ tó dàgbà ní títì wa tí kò jẹ nínú àkàrà wọn. Àwọn ọmọ ti mú ọjọ́: àìsùn ní Ọjọ́bọ̀ 28, ìsìnkú ní Ẹtì 29. Kánópì máa gba títì láti ẹnu géètì àkọ́kọ́ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn fọkanáísà. Wọ́n ti ta aṣọ ẹbí, wọ́n ti san àsansílẹ̀ màlúù. Èèyàn tí wọ́n ń retí tó 400.

Ìjọba Èkó sì ti fòfin de àríyá ojú títì láti oṣù kejìlá. Alága wa ní kí n kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ti kọ ọ́, ó wà nínú fáìlì, n kò tíì fi ránṣẹ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kò kàn wá, kí kálukú fi ìbòmú bo imú tirẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wí. Ṣé ọlọ́pàá ni kí n lọ pè sí ọmọ tó fẹ́ sin ìyá rẹ̀?

Bọ̀dá Kọ́pùrù
Ọjọ́rú, 20 oṣù kìíní, 8:40 àárọ̀

Fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, akọ̀wé. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ síbi ìgbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ṣì ń dún nílé, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e, òun ló ń sọ fún àwọn tí kò tíì gbọ́.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kí àwọn tó ní kò kàn wọ́n rántí ìyẹn.

Oníkánópì Múṣin
Ọjọ́rú, 20 oṣù kìíní, 1:05 ọ̀sán

Ẹ rọra o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kánópì, àga àti tábìlì ni mo fi ń jẹun láti 2009. Láti ìparí oṣù kẹta ọdún tó kọjá, nígbà tí Ààrẹ Buhari kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, títí wọ oṣù kẹsàn-án, àga mi ẹyọ kan kò kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Àga 600 ni. Mo tò wọ́n léra títí tí wọ́n fi kan àjà. Nígbà tí mo máa tú kánópì wò, eku ti fi méjì ṣe ibùsùn, ó rí jálajàla bí asẹ́ tó ti gbó. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló ń bá mi to irin. Méjì ti ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kan padà sí Ṣakí, ìkẹrin kò gbé ìpè mi mọ́.

Oṣù kejìlá la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí. Èmi náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń sọ pé "ẹ má ṣe é mọ́" yìí, oúnjẹ tirẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Tí àdúgbò bá ní kí n kó kánópì mi padà sílé, kí àdúgbò náà sọ fún mi ohun tí àwọn ọmọ mi máa jẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo béèrè tọkàntọkàn ni, mo sì ń retí èsì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kìíní, 9:18 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé ni, ẹ má bínú bí mo bá ṣi kọ. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kòrónà mú ni mo wà, n kò ní dárúkọ ibẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ ohun tí Gómìnà Sanwó-Olú sọ: ní ilé ìwòsàn Mainland ní Yábàá, sílíńdà ọ́síjìn 70 ni wọ́n ń lò lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di 350. Èèyàn lè gbọ́ nọ́ńbà yẹn kó kọjá lọ. Níbi tèmi, wọ́n máa ń yí sílíńdà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, á máa dún lórí sìmẹ́ǹtì gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn. Gbogbo aláìsàn tó bá lè yí ọrùn ni yóò yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Kálukú ń wò ó bóyá tòun ni.

Lálẹ́ Ọjọ́ Ajé wọ́n gbé ọkùnrin méjì wá, ọmọ ìyá kan náà, wọn ò fi ju wákàtí mẹ́fà lọ tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí mo ń kó ẹrù wọn sínú ọ̀rá, mo bá fìlà méjì pàdé, aṣọ òkè kan náà, àwọ̀ kan náà, wọ́n ṣì le kanrankanran bíi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dé wọn. N kò béèrè ibi tí wọ́n ti dé wọn lọ.

Ohun tó ń tàn wá jẹ ni pé ẹni tí àrùn yìí bá wà lára rẹ̀ lè máa kó o ran èèyàn ní nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ara tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ara rẹ̀ yá gágá, ó ń jó, ó ń náwó fún olórin. Ẹ sì wo òkú àgbà bí a ti ń ṣe é. Orin á máa ké tantan, àfi kéèyàn gbé ẹnu sún mọ́ etí ẹnìkejì kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. A ò lè fi ìbòmú jẹ ìrẹsì. À ń lẹ owó mọ́ ara wa níwájú orí. Lóòótọ́, abẹ́ kánópì tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí sàn ju inú gbọ̀ngàn lọ, n kò ní parọ́. Àìsùn yẹn gan-an ló ń já mi láyà jù: pálọ̀ kan, fèrèsé tí wọ́n tì nítorí ẹ̀fọn, orin àti àdúrà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Oníkánópì, mo rí ìbéèrè yín. N kò ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ti dáhùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pe ọlọ́pàá.

Ọmọ Ìyánà
Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kìíní, 4:51 ìrọ̀lẹ́

Agége ni èmi náà ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún tó kọjá. Wọ́n ní ká jókòó sílé, a jókòó. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ tán nílé, ariwo sì gba ìgboro pé àwọn ọmọ ìsọ̀ta ń bọ̀ wá jalè láti ilé dé ilé. Láti Agége títí dé Ìyánà Ìpájà, títí wọ Ìfọ̀, ọkùnrin gbogbo ló jáde lóru, a ń sun táyà, àdá lọ́wọ́, igi lọ́wọ́. Èèyàn tí wọ́n ní kó takété síra, ejìká kan ejìká ni a fi ṣọ́ títì mọ́jú.

Ìyẹn náà, ohun tí ará àdúgbò ń ṣe fún ara wọn ni. Kò sẹ́ni tó sanwó fún wa. Àmọ́ ohun tó fà á ni pé wọ́n tì wá mọ́lé láìbéèrè pé kí la máa jẹ. Oúnjẹ ìrànwọ́ tó dé títì wa, búrẹ́dì kan àti ìrẹsì tí kò kún kọ́ńgò fún ilé olójúlé mẹ́jọ. Bí ẹ bá ń wá ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi í gbọ́ràn mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Tíṣà Àgbà (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kìíní, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni ọdún 76 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Mo rí i pé à ń sọ̀rọ̀ bíi pé òyìnbó ló kọ́ wa láti yàgò fún ara wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú tó ń ṣe Orò mọ ohun tó ń jẹ́ kónílé gbélé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kòrónà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ilẹ̀ bá gbóná, ẹ ò ní gbọ́ ìlù. A kì í dárúkọ ṣọ̀pọ̀ná, Olóde là ń pè é. Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé sáré kiri ìta. Ẹni tí Olóde bá pa, ẹbí rẹ̀ kì í ṣe ìnáwó, àwọn àwòrò ló ń gbé òkú náà lọ sínú igbó. Mo mọ̀ pé ìbàjẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn àwòrò kan ń kó ẹrù òkú lọ, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn wọ́n pé àwọn gan-an ń tan àrùn náà. Kí wọ́n tó bí mi ni Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà ti wọ inú ẹgbẹ́ wọn láti wádìí wọn, tí ìjọba òyìnbó sì fòfin de ìsìn náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wá lé ṣọ̀pọ̀ná kúrò láyé, kì í ṣe àwòrò.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀. Ẹbí tí kò ṣe ìnáwó nígbà náà, ojú kò tì wọ́n. Gbogbo ìlú ló mọ ìdí. Kò sẹ́ni tó lè bú ọmọ òkú pé ó sin ìyá rẹ̀ bí ẹní sin adìẹ. Lónìí, ẹni tó bá pa òfin mọ́ là ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mélòó nínú yín ni kò tíì sọ ọ́ rí pé "wọ́n kàn lọ sin ín ni, wọn ò tilẹ̀ dáná"?

Lọ́dún tó kọjá, kò sí Ojúde Ọba nílùú wa. Àwọn regbẹ́regbẹ́ tó ti rán aṣọ ká a sínú àpótí. Ẹlẹ́ṣin ò jáde. Ó dùn wá wọra, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ tí ojú tì, nítorí gbogbo wa la jókòó sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ màmá yẹn ká kánópì, ẹ kọ́kọ́ ká ìtìjú kúrò nílẹ̀ fún wọn.

Àkọ́bí Ìyá Aláàkàrà
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kìíní, 9:47 alẹ́

Ọmọ àbúrò mi ló fi ojú ewé yìí hàn mí. Ìyá mi lòkú tí ẹ ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, géètì mẹ́rin ló wà láàárín ilé yín àti ilé wa. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá. Ẹ wá bi àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí léèrè. Ẹ ò kan ilẹ̀kùn wa.

Ẹ ò bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ pe 400 èèyàn. Màmá mi ní ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, tí wọ́n fi ọ̀rá dì nítorí epo. Wọn ò mọ̀wé, èmi ni wọ́n ń pè láti bá wọn kọ ọ́. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti bá èèyàn ṣòkú, ṣèyàwó, ṣe ìkómọ, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀: iye tí wọ́n ná, aṣọ tí wọ́n rà, bóyá wọ́n sùn síbẹ̀ bá wọn dáná. Láti 1983 ni. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ 212. Ilé 212 ni ìyá mi ti bá wọn sunkún tàbí bá wọn yọ̀, lórí owó àkàrà. Bí wọ́n bá ní 20 èèyàn péré ni kí ó sin wọ́n, ẹ bá mi wo ìwé náà, kí ẹ fi ìka tọ́ àwọn tí n ó yọ.

N kò fẹ́ kó àrùn ran ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin mi ní ikọ́ fée, èmi ni mo ń gbé e jókòó lóru nígbà tí èémí rẹ̀ bá há. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan wá bá mi jókòó.

Akọ̀wé Àdúgbò (Agége)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kìíní, 10:20 alẹ́

Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti fa lẹ́tà náà ya. Lọ́la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti alága ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Àwa méjì péré, ìbòmú á wà lẹ́nu wa, fàráńdà la ó jókòó sí.

Ọmọ Peckham
Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù kìíní, 12:03 òru

Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo sin bàbá mi. Òfin ibí lásìkò yìí, èèyàn 30 péré ló lè wà níbi ìsìnkú, 6 péré níbi ìpéjọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àbúrò bàbá mi ní Ọ̀ṣun ń wò ó lórí Zoom. Iná lọ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé pósí sọ̀ kalẹ̀. Títí di òní, bí mo bá pè wọ́n, ohun tí wọ́n ń bi mí ni bí ó ṣe parí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Nígbà tí ọkọ̀ gbé bàbá mi kọjá lójú títì wa, àwọn ará títì jáde, oníkálukú dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀. Òyìnbó wà níbẹ̀, ará Jàmáíkà wà níbẹ̀, àwọn tí kò kí wa rí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Awakọ̀ wá rọra ń lọ bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn. N kò mọ̀ pé ìyẹn á tù mí nínú, ó tù mí nínú.

Ìyá Ìbejì
Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù kìíní, 3:30 ọ̀sán

Mo wà lára àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nígbà Ẹ̀bólà ní 2014. Èèyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú, Dókítà Adádevoh wà lára wọn. Àwa wá ń tọpa èèyàn 894 tó ti sún mọ́ wọn, a ń yẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ 21. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ilé tí aládùúgbò ti ń gbé omi àti oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà fún wọn, inú ilé la máa ń bá wọn. Ilé tí wọ́n ti ń sá fún, tí àwọn oníṣòwò kì í gba owó lọ́wọ́ wọn, a óò dé ibẹ̀, a ó bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n ti sá lọ sílé ẹ̀gbọ́n ní àdúgbò mìíràn. Ìjọba ló rán wa, lóòótọ́. Aládùúgbò ló ń pinnu bóyá a máa bá wọn nílé.

Akọ̀wé Àdúgbò (Agége)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù kìíní, 8:15 alẹ́

A lọ. A jókòó wákàtí mẹ́ta. Wọ́n gbé ìwé yẹn jáde. Mo rí orúkọ bàbá mi níbẹ̀, 1997: ₦200, àti "a sun àkàrà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àlejò". Alága yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí a fẹnu kò sí nìyí. Kò ní sí àìsùn. Èèyàn 20 ló máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú. Màlúù tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, wọ́n á pa á, olóbẹ̀ á dáná ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin, wọ́n á di oúnjẹ sínú rọ́bà, àwọn ọ̀dọ́ á gbé e dé ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra aṣọ ẹbí á wọ̀ ọ́, á dúró sẹ́nu géètì rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá (Ọmọ Peckham, ẹ ṣeun). Ẹni tó wà nínú ìwé tí kò gbé títì wa, àwọn ọmọ á pè é lórí fóònù, wọ́n á sọ fún un pé àdúgbò ló ní kó má wá, kì í ṣe àwọn. Alága ní kí wọ́n fi orúkọ òun lé e: kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú sí òun.

Ó wá ku oníkánópì. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí wọ́n háyà, kì í ṣe ti Múṣin tó bá wa sọ̀rọ̀ níbí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Mo gbé e ka iwájú ẹgbẹ́ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan dá nínú rẹ̀, nítorí àwa la ní kó má ṣiṣẹ́. Ariwo pọ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan ní òun ò bí màmá, òun ò sì háyà kánópì. A ṣì ń bá a bọ̀.

Oníkánópì Múṣin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù kìíní, 9:02 alẹ́

Láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa rí ẹni tó mẹ́nu kan owó wa. Bí wọn ò bá tiẹ̀ rí i dá tán, ẹ pe ọmọkùnrin yẹn, kí ẹ ṣàlàyé fún un fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Akọ̀wé Àdúgbò (Agége)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù kìíní, 7:40 àárọ̀

A ti sin màmá lánàá.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni ọkọ̀ yí wọ títì. Onígángan kan ṣoṣo ló ń rìn níwájú, ó ń pe oríkì wọn. Ẹnu géètì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn wà níbẹ̀ nínú àǹkárá àwọ̀ àlùkò, àgbà lórí àga, ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ọkọ̀ bá ti dé iwájú ilé kan, àwọn ibẹ̀ á kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. N kò ronú kàn án rí pé ìkíni wa kò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ bí a ti fẹ́. Ní ìkóríta, àwọn ọ̀dọ́ bí 30 já wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ń kọrin, ọ̀pọ̀ wọn kò lo ìbòmú. A pariwo títí, wọn ò gbọ́. Wọ́n fẹ́ràn màmá, n kò lè bú wọn, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ lórí wọn. Nọ́ọ̀sì Alẹ́, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ.

Lọ́wọ́ alẹ́, Àǹtí mi rán ọmọ wá pè mí. Wọ́n ṣí ìwé màmá sí ojú ewé tí kò ní nǹkan kan, wọ́n ní kí n bá wọn kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dúró sẹ́nu géètì. A jókòó sí fàráńdà yẹn kan náà, wọ́n ń pè é, mo ń kọ. Ó lé ní 90.

Owó oníkánópì, ₦41,000 ló wọlé. Èyí tó kù á tún di ọ̀rọ̀ ní ìpàdé oṣù kejì, n kò sì ní jẹ́ kó sùn. Mo ti fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kejì lórí kàlẹ́ńdà mi, ọ̀sẹ̀ méjì géérégé lẹ́yìn ìsìnkú. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná ní títì wa kó tó di ọjọ́ yẹn, n ó wá sọ ọ́ níbí.